Fífi Ẹ̀jẹ̀ Tọrẹ: Ohun Tó Jẹ́ àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣe É

Fífi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ ni kí ẹni tí ara rẹ̀ le jókòó síwájú nọ́ọ̀sì, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára rẹ̀ fún aláìsàn tí kò mọ̀ rí, kí ó má sì gba kọ́bọ̀ lé e lórí. Gbogbo rẹ̀ kì í sábà ju wákàtí kan lọ. Síbẹ̀, nínú oríṣiríṣi àánú tí ènìyàn lè ṣe fún ẹnìkejì, agbára káká ni a fi lè rí èyí tí àṣìgbọ́ yí ká tó o nílẹ̀ Yorùbá. Ẹni tó ń ṣe sàráà lọ́jọ́ Jímọ̀, tó ń san owó ilé ìwé ọmọ aláìlóbìí, tó ń gbé oúnjẹ lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n lásìkò Kérésì, lè fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ bí wọ́n bá ní kó wá fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ.

Ọ̀nà mẹ́ta tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ilé ìwòsàn

Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà. Àkọ́kọ́ ni ti afẹ̀jẹ̀tọrẹ gidi: ó wá fúnra rẹ̀, kò mọ ẹni tí wọn yóò fà á sí lára, kò sì sẹ́ni tó sanwó fún un. Ìkejì ni ti ìdápadà: ẹ̀jẹ̀ tán lára aláìsàn, ilé ìwòsàn ní kí ẹbí mú ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta wá kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ tiwọn dípò èyí tí wọ́n máa lò. Ìkẹta ni ti ẹni tó ń tà á. Irú wọn máa ń wà nítòsí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ńlá. Ẹbí tí kò rí ènìyàn mú wá á ka owó sí i lọ́wọ́, òun náà á sì wọlé lọ pé àbúrò aláìsàn lòun.

Ìkejì yìí wọ́pọ̀ gan-an, òun sì ni ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ní òun ti fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ rí ń sọ. Kì í ṣe ohun burúkú, ó ti gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n ó ní àléébù méjì tí kò kéré. Èkíní ni àkókò. Obìnrin tó bímọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá lè kú láàárín wákàtí díẹ̀. Ọmọ ọdún méjì tí ibà ti jẹ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ tán, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti funfun, kò lè dúró di ìgbà tí bàbá rẹ̀ bá lọ jí àwọn àbúrò rẹ̀ lóru. Bí àwọn yẹn bá tilẹ̀ dé, wọ́n ṣì ní láti yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò kí aláìsàn tó lè lò ó. Ẹ̀jẹ̀ tó ti wà nínú fíríìjì kí ọmọ náà tó dé ni yóò gbà á sílẹ̀, ó sì ní láti jẹ́ pé ẹnìkan tí kò mọ̀ ọ́n ti fi í síbẹ̀ ṣáájú.

Èkejì ni òtítọ́. Kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni, wọ́n máa ń bi í ní ìbéèrè tó wọ ìdí ilé lọ: ṣé mẹ́dọ̀wú ti ṣe é rí, oògùn wo ló ń lò lọ́wọ́, ṣé ó ní ju olólùfẹ́ kan lọ. Ẹni tó wá fúnra rẹ̀ lè ní òun kò ní lè ṣe é lónìí, kó sì máa lọ sílé. Kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè. Àmọ́ ọkọ ìyàwó tí gbogbo àna rẹ̀ ń dúró dè níta, báwo ló ṣe fẹ́ jáde sí wọn pé wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ òun kò ṣeé lò? Ẹni tó ti gbowó ńkọ́? Òun kò jẹ́ sọ ohun tí yóò mú kó dá owó padà. Richard Titmuss, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní London, jiyàn nínú ìwé rẹ̀, The Gift Relationship, tó jáde ní 1970, pé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò léwu tó èyí tí wọ́n ń rà ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Ní 1975, Àjọ Ìlera Àgbáyé rọ gbogbo orílẹ̀-èdè kí wọ́n gbé ètò ẹ̀jẹ̀ wọn ka orí ìtọrẹ láìgbowó.

Ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá

Ó pẹ́ tí àwọn dókítà ilẹ̀ Yúróòpù ti ń gbìyànjú láti fa ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan sí ẹlòmíràn lára. Àwọn aláìsàn kan yè é, àwọn kan kú níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ìdí. Ní 1901, Karl Landsteiner ní ìlú Vienna fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo: bí ó bá po ti àwọn kan pọ̀ mọ́ ti àwọn mìíràn, ó ń ṣù. Ibẹ̀ ni ìsọ̀rí ẹ̀jẹ̀ A, B àti O ti jáde; àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí AB lọ́dún kejì. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1930, ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọjọ́ 14 oṣù kẹfà, ni gbogbo ayé sì fi ń ṣe àyájọ́ àwọn afẹ̀jẹ̀tọrẹ láti 2004.

Ìṣòro tó kù ni pé ẹ̀jẹ̀ máa ń dì. Ẹni tó fẹ́ fún aláìsàn ní ẹ̀jẹ̀ láyé ìgbà náà ní láti dùbúlẹ̀ tì í. Ní 1914 ni wọ́n rí i ní Belgium àti ní Argentina pé èròjà kan tó ń jẹ́ sodium citrate kì í jẹ́ kó dì, pé wọ́n lè gbà á sínú ìgò kí wọ́n tó gbé e lọ bá aláìsàn.

Ẹni tó sọ fífi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ di iṣẹ́ àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni kì í ṣe dókítà rárá. Percy Lane Oliver ni akọ̀wé ẹgbẹ́ Red Cross ní Camberwell, ní gúúsù London. Ní 1921, ilé ìwòsàn King's College fóònù pé àwọn nílò ẹ̀jẹ̀ lójú ẹsẹ̀, òun àti àwọn mélòó kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ sì lọ. Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn tó gbà kí wọ́n máa pe àwọn nígbàkígbà. Inú ilé tí òun àti ìyàwó rẹ̀, Ethel, ń gbé ni ìwé orúkọ náà wà, fóònù inú ilé ọ̀hún sì ni àwọn ilé ìwòsàn ń pè. Báńkì ẹ̀jẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kó o pa mọ́ de aláìsàn, dé lẹ́yìn èyí: Bernard Fantus ló dá a sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn Cook County ní Chicago ní 1937. Ní Nàìjíríà, ọdún 2005 ni ìjọba àpapọ̀ dá ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó gbígba ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, òfin ọdún 2021 sì sọ ọ́ di àjọ tó dá dúró.

Láti ẹnu ọ̀nà dé orí bẹ́ẹ̀dì

Ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 18, kó má tíì ju 65 lọ, kó sì wúwo tó 50 kìlógíráàmù ó kéré tán. Aboyún kò lè ṣe é, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn kò lè ṣe é, ẹni tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ ní láti dúró ná. Kó jẹun kó tó wá, kó sì mu omi dáadáa, nítorí ebi àti òùngbẹ wà lára ohun tó ń mú kí òòyì kọ́ àwọn kan níbẹ̀. Ààwẹ̀ kò bá a mu.

Lẹ́yìn ìbéèrè, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á wo ìfúnpá rẹ̀, wọ́n á sì gún un ní ọmọ ìka. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ife kékeré kan ló ń ṣe ìdájọ́. Omi búlúù ló wà nínú rẹ̀, kọ́pà sọ́fẹ́ètì ni wọ́n fi pò ó, wọ́n sì pò ó níwọ̀n tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ tó kún ojú òṣùwọ̀n nìkan ló wúwo jù ú lọ. Wọ́n á jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kán sí i lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá lọ tààrà sísàlẹ̀, ó tó. Bí ó bá léfòó, tàbí tó dúró lágbedeméjì bí ẹni ń ronú, ẹ̀jẹ̀ ẹni náà kò tíì tó èyí tí yóò bun ẹlòmíràn, wọ́n á sì ní kó lọ tọ́jú ara rẹ̀. Kì í ṣe obìnrin kan tàbí méjì ló jẹ́ pé ìdí ife yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ àwọn lọ sílẹ̀, tí wọ́n ti rò pé iṣẹ́ ọjà ló ń rẹ àwọn.

Ó kan bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n á de rọ́bà mọ́ ọn lápá, wọ́n á ní kó máa di ẹ̀ṣẹ́ kó máa tú u kí iṣan lè yọ, wọ́n á fi oògùn apakòkòrò nu ojú ibẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà nípọn ju èyí tí wọ́n ń gún fún ibà lọ, kò sí ìdí láti pa irọ́ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni. Ó ń ta ènìyàn bí ó bá ń wọlé, ìnira náà sì ń rọlẹ̀ lẹ́yìn náà. Láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló ti so mọ́ àpò ẹ̀jẹ̀, inú ọ̀rá tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú ni wọ́n ti ń yọ ọ́ lójú ẹni tó ni apá, wọ́n á sì sọ ọ́ nù lẹ́yìn tí wọ́n bá lò ó tán. Ìdí nìyí tí àrùn kò fi lè ti ibẹ̀ ran ẹni tó wá tọrẹ.

Mílílítà 450 ni àpò náà ń gbà. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà tó nǹkan bíi lítà márùn-ún, nítorí náà kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá tí wọ́n mú. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àpò ti kún. Wọ́n á tún gbà díẹ̀ sínú ìgò tín-ín-rín fún àyẹ̀wò, wọ́n á fi òwú dí ojú abẹ́rẹ́, wọ́n á sì ní kó jókòó díẹ̀, kó mu mọ́ọ̀tì, kó jẹ bisikíìtì. Kó má fi apá náà gbé ẹrù wúwo lọ́jọ́ yẹn.

Ohun tí wọ́n ń fi àpò náà ṣe

Nọ́ńbà ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àpò. Nọ́ńbà kan náà ló wà lára ìgò àyẹ̀wò àti nínú ìwé àkọsílẹ̀. Àyẹ̀wò mẹ́rin ló pọn dandan: kòkòrò HIV, mẹ́dọ̀wú oríṣi B, mẹ́dọ̀wú oríṣi C, àti sífílíìsì. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá rí ọ̀kankan nínú wọn lára rẹ̀, wọ́n ń dà á nù ni, ó sì yẹ kí wọ́n pe ẹni tó ni ín ní ìkọ̀kọ̀ kó lè tètè gba ìtọ́jú. Àwọn àyẹ̀wò wọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n wọn kì í tètè rí àrùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àlàfo kékeré yìí ni òtítọ́ ẹnu ẹni tó ń tọrẹ ń dí.

Níbi tí ẹ̀rọ bá wà, wọ́n á yí àpò náà kíkankíkan títí ẹ̀jẹ̀ á fi pín sí mẹ́ta. Sẹ́ẹ̀lì pupa ni ti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀. Inú fíríìjì ló ń gbé, ó sì ń lò tó ọjọ́ 35. Omi ara ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń pè ní pílásímà, ń dì gbagidi nínú fírísà, ó sì lè lò tó ọdún kan. Àwọn sẹ́ẹ̀lì wẹ́wẹ́ tó ń mú kí ojú egbò dì kò fẹ́ òtútù rárá: orí ẹ̀rọ tó ń mì wọ́n jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń gbé, ọjọ́ márùn-ún péré ni wọ́n sì ń lò. Báyìí ni àpò kan ṣe lè kan aláìsàn mẹ́ta. Ilé ìwòsàn kéékèèké tí kò ní ẹ̀rọ yìí máa ń lò ó bí ó ṣe wà. Kí wọ́n tó fà á síni lára, wọ́n á kọ́kọ́ po díẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́ ti aláìsàn nínú lábù kí wọ́n lè mọ̀ bóyá méjèèjì bára mu.

Ọjọ́ 35 yìí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìtọrẹ ẹ̀jẹ̀ kì í rántí. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà rẹpẹtẹ lọ́jọ́ àyájọ́ nínú oṣù kẹfà, kò sí èyí tó kù nínú sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ tí oṣù kẹjọ bá fi dé.

Owó tí aláìsàn ń san

Bí ẹ̀jẹ̀ bá jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ni wọ́n wá ń gba owó fún? Ìbéèrè yìí ló ń bí àwọn ènìyàn nínú jù, ó sì tọ́ kí wọ́n béèrè. Ẹni tó fi iṣu ta ilé ọmọ aláìlóbìí lọ́rẹ kò tíì ra gáàsì tí wọn yóò fi sè é. Àpò, àyẹ̀wò mẹ́rin, àyẹ̀wò ìbáramu, iná fíríìjì tí kò gbọ́dọ̀ kú tọ̀sán-tòru àti dísù tí wọ́n ń rà sí jẹnẹrétọ̀ nígbà tí iná ìjọba kò bá sí, gbogbo rẹ̀ ló ń gba owó. Ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ní iye. Àmọ́ ẹbí aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n ń sanwó fún, kí wọ́n sì gba rìsíìtì. Owó tí ẹnìkan bá gbà ní kọ̀rọ̀ láìní rìsíìtì kì í ṣe owó àyẹ̀wò, ó ti di ọjà títà.

Àwọn ohun tí wọ́n ń sọ kiri

Àkọ́kọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ tó bá ti lọ kò ní padà. Ojoojúmọ́ ni ara ń ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun. Sẹ́ẹ̀lì pupa kan kì í lò ju nǹkan bí ọjọ́ 120 lọ, bí wọ́n fà á, bí wọn kò fà á. Omi inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà ń padà láàárín ọjọ́ kan sí méjì, sẹ́ẹ̀lì pupa gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìdí nìyí tí ọkùnrin fi ń dúró fún oṣù mẹ́ta kó tó tún wá, tí obìnrin ń dúró fún mẹ́rin, nítorí nǹkan oṣù.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni mọ́ọ̀tì àti mílíìkì. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pò ó fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀, bóyá nítorí àwọ̀ mọ́ọ̀tì ni. Ó dùn, ó ń fúnni ní omi àti ṣúgà, ṣùgbọ́n èròjà irin ni ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Inú ẹ̀dọ̀ màlúù, ẹran, ẹja, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ ló wà. Ọsàn tí ènìyàn bá mu lé oúnjẹ yìí ń jẹ́ kí ara gbà á dáadáa. Tíì kì í jẹ́.

Wọ́n tún ní ẹ̀jẹ̀ ẹbí ló dára jù. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹ̀jẹ̀ mọ̀lẹ́bí tó sún mọ́ni pẹ́kípẹ́kí jọ ti aláìsàn débi pé ara kò ní dá a mọ̀ ní àlejò, sẹ́ẹ̀lì funfun inú rẹ̀ á sì dojú ìjà kọ ara tó gbà á. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣẹlẹ̀, ó sábà máa ń pani. Kò sì yẹ kí ọkọ fi ẹ̀jẹ̀ fún ìyàwó tó ṣì ń bímọ, nítorí ó lè mú kí ara obìnrin náà gbógun ti oyún tó ń bọ̀. Ti àlejò ló fọkàn balẹ̀ jù.

Ti àwọn tó ní wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ náà ṣe oògùn owó ni ó le jù láti yanjú. Àwọn ènìyàn ti kú ikú oró lọ́wọ́ àwọn tó ń wá ẹ̀yà ara, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ẹni tó ń bẹ̀rù ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó yẹ ni kó lọ síbi tí ìjọba mọ̀, yálà ilé ìwòsàn ńlá tàbí ibùdó àjọ ẹ̀jẹ̀, kó wo bí wọ́n ṣe ń lẹ nọ́ńbà mọ́ àpò, kó sì béèrè èsì àyẹ̀wò tirẹ̀. Ibi tí wọn kì í ti í kọ orúkọ, tí wọn kì í ti í bi ènìyàn ní ìbéèrè kankan, kó má ṣe tọrẹ níbẹ̀.

Àwọn kan gbà pé ẹni O nìkan ni wọ́n nílò. Nǹkan bí ìdajì Yorùbá ló jẹ́ O, ṣùgbọ́n ìsọ̀rí kan náà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wá fún aláìsàn. Ẹni tí jẹnotáìpù rẹ̀ jẹ́ AS kò ṣàìsàn, àmọ́ wọn kì í fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde lára. Ní ti ẹ̀sìn, àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà kì í gba ẹ̀jẹ̀. Ìgbàgbọ́ wọn nìyẹn, dókítà sì ní láti bọ̀wọ̀ fún àgbàlagbà tó bá kọ̀ ọ́.

Iṣẹ́ tó kù fún ẹni tí kò lè tọrẹ

Ẹni tó ti ju 65 lọ, ẹni tí kò wúwo tó, ẹni tí ife búlúù dá padà, iṣẹ́ wà fún wọn. Àwọn ni wọ́n lè bá ìmáàmù tàbí pásítọ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀, kí wọ́n wá gbọ̀ngàn tí bẹ́ẹ̀dì yóò wọ̀, kí wọ́n máa jókòó ti ẹni tó ń tọrẹ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ibi tí ọ̀dọ́ pọ̀ sí ni iṣẹ́ yìí ti ń yọrí jù. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Zimbabwe dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ ń ṣèlérí láti tọrẹ nígbà 25, kó sì máa ṣọ́ ìwà ara rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ṣeé lò. Orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà sì ti wo àwòkọ́ṣe rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ẹni tó ń padà wá, kò sí irú James Harrison ti Australia, tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí lára nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ọmọ ọdún 14. Láti 1954 di 2018 ló fi tọrẹ nígbà 1,173. Pílásímà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, èyí tí ènìyàn lè fi tọrẹ lọ́sẹ̀ méjì-méjì, nítorí èròjà kan wà nínú tirẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe abẹ́rẹ́ fún aboyún tí ìsọ̀rí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá ti ọmọ inú rẹ̀ mu.

Iṣẹ́ tí kò gbayì ṣùgbọ́n tó ṣe pàtàkì jù ni ti ìwé orúkọ, irú èyí tí Oliver àti ìyàwó rẹ̀ ń tọ́jú. Ẹnìkan ní láti mọ ẹni tí oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin rẹ̀ ti pé, kó pè é, kó bi í bóyá ara rẹ̀ le, kó sì bá a mú ọjọ́. Bí yunifásítì bá wà ní ìsinmi tàbí tí wọ́n bá daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó sábà máa ń tọrẹ ti lọ sílé, inú fíríìjì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo. Àkókò yẹn ni ẹni tó mú ìwé orúkọ lọ́wọ́ ní láti yí ìpè rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, àwọn olùkọ́ àti àwọn ọlọ́jà.